Ẹjọ́ Omi Gbígbóná

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo ṣí ìwé òfin ilẹ̀ síwájú mi. Bí mo ṣe ka gbólóhùn àkọ́kọ́ báyìí, ẹsẹ̀ náà gbóná láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka, bí ìgbà tí ènìyàn da omi tó ń hó lé e. Mo fò sókè, mo pariwo. Mo wo ẹsẹ̀ mi: kò pọ́n, kò wú, kò bó. Mo pa ìwé dé, ooru náà lọ. Mo tún un ṣí, ó tún dé.

Ẹ má rò pé ẹni tí ń sá fún ìwé ni mí o. Lóòótọ́, mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá àwọn lọ́yà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn tí a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin ti dé wíìgì tipẹ́, àwòrán wọn kún orí fóònù mi. Èmi Fisáyọ̀ sì wà nílé ìyá mi ní Mowe, lójú ọ̀nà Ọ̀fadà, mò ń ka ìwé kan náà tí mo ti kà títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti di lọ́yà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba ẹjọ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni gbogbo wọn ń wò. Mo ti pinnu nínú ara mi pé bí mo bá tún já bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Màá lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD ní Ibafo, kí ìtìjú máa jẹ mí níwọ̀nba. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Irú àsìkò yẹn ni ẹsẹ̀ mi yàn láti máa jó nínú iná tí kò sí.

Oníkẹ́míìsì ní ẹ̀jẹ̀ mi ni kò rìn dáadáa. Dọ́kítà wo ẹsẹ̀ náà títí, ó wo ojú mi náà, ó ní kí n lọ sinmi. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Ó fi òróró pa á, ó gbààwẹ̀, ó sì di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí kò fẹ́ ire fún wa.

"Ọ̀tá ìlọsíwájú ni wọ́n," ó ní. "Wọn ò ní rí ẹ gbé ṣe."

Mo ṣe àmín, mo ṣí ìwé, ẹsẹ̀ tún gbóná. Kí n tó ka ojú ìwé kan tán, omi á ti máa bọ́ lójú mi, ohun tí mo bá sì kà kì í dúró lórí. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gidigidi.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń kàwé lọ́sàn-án. Iná kì í sábà sí, inú ilé a sì máa mú bí ààrò, ṣùgbọ́n igi fúrúùtù kan wà ní igun ẹ̀yìn, atẹ́gùn máa ń fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì onípákó kan wà níbẹ̀, èmi sì máa ń gbé àga tèmi kọjú sí i. Mo máa ń ka òfin náà sókè, kí etí mi lè ran ojú mi lọ́wọ́. Ìyá mi a ní bí wọ́n bá gba ewúrẹ́ láyè láti ṣe ìdánwò, ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìn wa ìbá ti di lọ́yà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, oòrùn dúró láàárín orí, òjìji igi ti kó ara rẹ̀ jọ sídìí igi. Ìyá mi ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ki ẹsẹ̀ bọ inú bókẹ́ẹ̀tì omi tútù, mò ń fi agídí kàwé. Òórùn kan ṣàdédé gba imú mi. Òórùn omi ìrẹsì ọ̀fadà ni, èyí tí a máa ń ṣẹ́ dànù nígbà tí ìrẹsì bá kọ́kọ́ hó. Mo rò pé láti ilé ẹlòmíràn ló ti ń bọ̀. Mo gbójú sókè, bàbá arúgbó kan sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ó wọ bùbá funfun tó ti pọ́n lọ́rùn, ó dé fìlà pẹlẹbẹ. Ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ náà rin gbingbin, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ yọ nínú bókẹ́ẹ̀tì, mo kúnlẹ̀ kí i.

"Pẹ̀lẹ́, Lọ́yà," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ó sì ń fà á bí àwọn àgbà Ẹ̀gbá tí wọ́n ti wà níbí kí àwa ará Èkó tó kó dé. "Mo ní ẹjọ́."

"Bàbá, mi ò tíì di lọ́yà o."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń kà á. Gbọ́ tèmi."

Ká sòótọ́, inú mi dùn. Ta ló tún ti pè mí ní lọ́yà láì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo rò pé ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni, tí ẹnì kan ti rẹ́ jẹ. Mo ní kí n fi í dánra wò. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà: má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, má ṣèlérí, kó o sì bi í ní orúkọ, ibùgbé àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

"Orúkọ yín, sà?"

"Sàlísù."

"Níbo lẹ̀ ń gbé?"

Ó nàka sílẹ̀. "Ibí."

Mo gbà pé àdúgbò wa ló ń sọ. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí yín?"

"Mo sùn nílé mi jẹ́jẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnì kan da omi gbígbóná lé mi lẹ́sẹ̀. Kò ké àgò. Mo figbe ta, kò gbọ́. Ó gbọn ìkòkò rẹ̀, ó wọlé lọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í da omi gbígbóná sílẹ̀ láì ké àgò, kí ẹni tí ojú kò rí lè yà. Inú bí mi fún bàbá náà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́: mo ní ẹni náà jẹ̀bi, mo ní aláìbìkítà ni, mo ní bó bá dé kóòtù, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Bàbá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"O ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀," ó ní.

Ojú tì mí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe tí màmá àgbà, ìyá bàbá mi, máa ń pa fún mi nígbà gbogbo ni mo gbójú fò lórí oníbàárà mi àkọ́kọ́.

"Ta ni ẹni náà, sà?"

"Ìyáálé ilé yìí ni."

Gbogbo ooru ọ̀sán náà kúrò lára mi. Èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé ilé yìí. Mo sì rántí pé lọ́jọ́ Sátidé tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì ọ̀fadà la jẹ.

Mo lè parọ́. Mo lè sọ pé màá bá a rò ó, kí n sì sá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti mọ ohun tí mo ti ń kà sókè láti ọjọ́ yìí wá.

"Bàbá," mo ní, "ìyá mi nìyẹn. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà kí n bá yín pe ìyá mi lẹ́jọ́, kò sì gbà kí n fi pamọ́ fún yín pé ìyá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́yà mìíràn."

"Lọ́yà mìíràn wo ló ń gbọ́ mi?" Ó rọra tẹ̀ síwájú. "Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ, kó o lè mọ bó ṣe ń dùn. Ẹni tí kò mọ bó ṣe ń dun ẹlẹ́jọ́, kí ló fẹ́ bá a sọ?"

Mo wo bókẹ́ẹ̀tì. Omi tútù tí mo pọn síbẹ̀ ń yọ èéfín. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́nì kankan. Ibi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì tutù rin. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sáré lọ síbi géètì. Àgádágodo wà lára rẹ̀ láti inú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi níbi tí mo so ó sí.

Nígbà tí ìyá mi dé, mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Mọ́mì, Sátidé tá a jẹ ọ̀fadà, ibo lẹ da omi ìrẹsì sí?"

"Ẹ̀yìn náà. Ìdí fúrúùtù."

"Ṣé ẹ ké àgò?"

"Àgò kẹ̀? Fisáyọ̀! Látìgbà tí mo ti gba Jésù, kí ló kàn mí kan ẹni tí mi ò rí? Mo ní Ẹ̀jẹ̀ Jésù, mo dà á."

"Ta wá ni Sàlísù?"

Ìyá mi ń tú gèlè lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ta ló dárúkọ yẹn fún ẹ?" ó ní.

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Nígbà tí bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ra ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó tà á sọ fún un pé igun ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sin Sàlísù, bàbá àwọn, sí. Wọ́n ní àwọn ta ilẹ̀, àwọn kò ta bàbá àwọn mọ́ ọn. Bàbá mi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó ní òun kò ní kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, ó sì ní kò sẹ́ni tí yóò da omi gbígbóná síbẹ̀ láì ké àgò. Òun ló gbin igi fúrúùtù náà kí ojú ibẹ̀ má bàa parẹ́. Ìyá mi pa àdéhùn náà mọ́ títí bàbá mi fi kú.

"Lẹ́yìn náà, mo ní nǹkan àtijọ́ ti kọjá lọ," ó ní. "Ó ń ṣe mí bí ẹni ń bọ òkú. Mi ò fẹ́ ṣẹ Ọlọ́run mi."

Ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn, mo sì gbọ́ ọ délẹ̀. Kò ṣe é láti ṣe ìkà.

"Mọ́mì," mo ní, "àdéhùn ni. Ikú Dádì kò pa á rẹ́. Bí ilẹ̀ yẹn ṣe jẹ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn yẹn jẹ́ tiwa. Àti pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba àárín èrò kọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ kì í ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yà fún yín? Ṣé ẹ ń bọ wọ́n ni?"

Ìyá mi wò mí títí.

"Ẹnu ẹ ti ń mú o," ó ní níkẹyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ro ìró mọ́dìí, ó fi Bíbélì há abíyá, ó bu omi tútù sínú korobá, a sì jọ lọ sídìí igi. Ó kúnlẹ̀. Ìyá mi tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan àfi Ọlọ́run àti ìyá ọkọ rẹ̀!

"Bàbá Sàlísù, ẹ má bínú. Ọkọ mi ló ṣèlérí, èmi ni mo gbàgbé ẹ̀. Ẹ foríjì mí, ní orúkọ Jésù. Àgò o!"

Ó rọra da omi tútù náà sílẹ̀. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òtútù kan wọ ẹsẹ̀ mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, ó dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Mo ṣí ìwé mi. Mo kà á títí oòrùn fi wọ̀, gbogbo ohun tí mo kà sì dúró. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣi òfin kan pè, bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé á dún gìẹ́, màá sì tún un kà.

Nígbà tí mo jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo ṣí ìwé ìbéèrè, òórùn omi ìrẹsì ọ̀fadà sì gba imú mi. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ẹnì kan fẹ́ kí lọ́yà bá òun pe ìyá tó bí lọ́yà náà lẹ́jọ́, kí ni kí lọ́yà ṣe? Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Olùṣọ́ ìdánwò yíjú sí mi. Mo tẹ orí ba, mo sì kọ̀wé bí ẹni tó ti ṣe ẹjọ́ náà rí.

Mo yege! Lọ́jọ́ tí èsì jáde, igbe ìyá mi dé ojú títì, àwọn ará ilé tó wà lẹ́yìn wa rò pé olè ló wọlé. Wọ́n pe orúkọ mi lójú rẹ̀ ní Àbújá, Fisáyọ̀ Ọláwuyì, mo dìde pẹ̀lú wíìgì lórí, kò sí ìtìjú kankan tó kù lára mi.

Lọ́jọ́ tá a padà dé Mowe, ìyá mi gbé ìrẹsì ọ̀fadà kaná. Kò gbà kí n bọ́ aṣọ lọ́yà náà, ó ní kí ojú ilé rí i. Nígbà tí ìrẹsì hó, ó gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn nínú oòrùn ọ̀sán, mo tẹ̀ lé e.

"Àgò o!" ó ké. "Ní orúkọ Jésù, àgò o!"

"Àgò yà," ohùn kan dáhùn lábẹ́ igi.

Ìyá mi di ìkòkò náà mú gírígírí, kò jẹ́ kó bọ́.

"Lọ́yà, o kú oríire."

"Ẹ ṣé, sà," èmi àti ìyá mi sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi yí lọ sẹ́bàá ògiri, jìnnà sí igi, ó sì ṣẹ́ omi ìrẹsì náà síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A ti fẹ́ wọlé.

"Lọ́yà." Ohùn obìnrin ni èyí.

"Lọ́yà, ẹ dúró ná." Òmíràn tún nìyẹn, ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

Mo yíjú padà. Bẹ́ǹṣì náà tutù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi ń kán lábẹ́ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ iwájú rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí ẹsẹ̀ púpọ̀ bá wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri wa, katakata ń wú ilẹ̀ ibòmíràn fún ilé tuntun láì ké àgò, bí wọ́n ṣe ń ṣe kárí Mowe. Ìyá mi fa apá aṣọ mi.

"Fisáyọ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "má dá wọn lóhùn o."

Mo tún wíìgì mi dé. Mo fa àga mi sábẹ́ igi, mo jókòó kọjú sí bẹ́ǹṣì náà.

"Ẹ káàsán o," mo ní. "Ẹ má jọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé?"