Ohùn Agékúrú

Ẹ̀rọ tó ń pe ohùn jáde ló so wọ́n pọ̀. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wò, èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, Atúnẹ̀rọṣe ń bínú sí ẹ̀rọ ohùn náà pé mẹ́mọ́rì rẹ̀, ibi tó ń kó ohùn pamọ́ sí, ti kún, kò gba faìlì mọ́. Ó ti fẹ́ máa pa àwọn faìlì àtijọ́ rẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin tuntun kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ohùn kan náà ló ń tún ara rẹ̀ pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin faìlì yín. Ẹ fi ẹyọ kan pamọ́, kí ẹ ní kí ẹ̀rọ máa pè é lọ."

Ọmọbìnrin náà gé faìlì náà kù bíńtín, ohùn tó jáde kò sì yàtọ̀. Orí rẹ̀ pé, kò sì fọ́nnu. Inú Atúnẹ̀rọṣe yọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Agékúrú ni gbogbo ibi iṣẹ́ wá ń pè é. Nígbà tó yá, "Adùn mi" ni Atúnẹ̀rọṣe ń pè é.

Ìyá Atúnẹ̀rọṣe ni kò gbà kó fẹ́ ẹ.

"Ọmọ tó ń wọlé mi tí kì í kí mi! Á kúnlẹ̀, á kàn máa mi ètè."

"Màámi, ó kí yín."

"Ṣé etí mi ló di ni?"

Ó di lóòótọ́. Gbogbo ayé ni Atúnẹ̀rọṣe ń bá tún ẹ̀rọ etí ṣe, ìyá tirẹ̀ ò gbà pé òun nílò ọ̀kan. Ó bẹ Agékúrú pé kó gbóhùn sókè.

"Kí n máa jágbe mọ́ ìyá yín? Mo fẹ́ràn yín, àmọ́ wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

Ọ̀rọ̀ yìí mú kó túbọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé nítorí ìwà yìí kan náà ni òun yóò ṣe pàdánù rẹ̀.

"Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá wa dán ẹ̀rọ wò," ni Agékúrú wí. "Ìyá kì í kọ iṣẹ́ ọmọ."

Agékúrú gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ de Ìyá, àmọ́ faìlì náà ò wọ inú ẹ̀rọ ohùn tó ti kún.

"Pa ti àwọn yòókù rẹ́, jàre," ni Atúnẹ̀rọṣe wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

Ó jókòó tì í. Ó gé gbogbo ibi tó dákẹ́ kúrò, ó yọ àwọn ìró tí etí ò nílò, títí faìlì náà fi wọ àyè kékeré tó ṣẹ́ kù. Ibì kan ṣoṣo ni kò fọwọ́ kàn: ibi tó ti pe "Màámi". Atúnẹ̀rọṣe rí i, ó lọ bẹ ìyá rẹ̀ wá.

Ìyá dé, wọ́n ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ̀ ọ́ létí, wọ́n sì ní kí ẹ̀rọ ohùn pe faìlì náà.

"Ẹ káàsán, Màámi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ìyá wo ẹ̀yìn. "Ta nìyẹn?"

Agékúrú kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kí i bákan náà.

"Ṣé bó o ṣe máa ń kí mi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Láti ẹnu ọ̀nà, mà."

Ìyá nu ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Inú Atúnẹ̀rọṣe dùn. Ó nawọ́ láti yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí ìyá rẹ̀, ìyá gbá ọwọ́ náà dànù.

"Fi í síbẹ̀. Ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀."