Ọkọ̀ Dé Tàbí Ọkọ Dé

Kábọ̀n dúdú ló wà nímú Susannah lọ́jọ́ tí Yẹ̀kínì kọ́kọ́ rí i. Ńṣe ló dà bí ológbò tó ti imú bọ ìkòkò aró, kò sì mọ̀. Ó jókòó sídìí taipuráítà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Fọlágbadé, ó ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tí taipuráítà jẹ ní gbèsè ẹ̀rín.

Ọdún 1984 ni, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa tò bí ọmọ iléèwé. Ìgbà yẹn, èèyàn méjì ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà n'Íjẹ̀bú-Òde kí ẹnì kẹta má tò sẹ́yìn wọn, kó máa bèèrè pé kí ni wọ́n ń tà.

Yẹ̀kínì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ẹ̀jìrín. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó fi ìkeje sílẹ̀ torí òun àti tíṣà ò jọ gbọ́ra wọn yé. Aago kẹ̀kẹ́ kan kì í kúrò lápò ẹ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn, aago ló máa ń lù.

Kirin-kirin!

"Ta nìyẹn? Kẹ̀kẹ́ lẹ gùn wọnú ọ́fíìsì?"

"Rárá o, sísí. Kẹ̀kẹ́ wà nílé. Aago ẹ̀ nìkan ló tẹ̀lé mi."

Ó fẹ́ máa kó aago kẹ̀kẹ́ wọlé látòkè òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀, kí gbogbo Ìjẹ̀bú má lè sùn mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ òwò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba l'Ékòó, kó sì gba láísẹ́nsì. Láìsí ìwé yẹn, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kí aago kan dún kúrò létí òkun.

"Kí lorúkọ òwò yín?"

"Ọkọ̀ Dé."

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó máa kó aago mi bọ̀ ni. Ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́."

Susannah tẹ̀ ẹ́: OKO DE. Yẹ̀kínì na ọrùn wò ó.

"Oko dé? Sísí, ṣé oko máa ń rìn ni?"

"Taipuráítà òyìnbó ò mọ àmì. Ẹ fara balẹ̀, ọmọ tíṣà ni mí."

Ó mú bírò. Ẹ̀dà mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà, bébà kábọ̀n ló sọ ọ̀kan di mẹ́rin. Ó fi àmì sábẹ́ àti sórí ti àkọ́kọ́, ó ṣe ìkejì, ó ṣe ìkẹta. Nígbà tó dé ẹ̀dà kẹrin, ó ti fi ti abẹ́ sí i, ó gbé bírò láti fi ti orí sí i, ni Yẹ̀kínì bá ní, "Ẹ má bínú o, kábọ̀n wà nímú yín."

Ọwọ́ tó ń lọ sórí ìwé bá yà sí imú.

Yẹ̀kínì ò ní àpótí lẹ́tà ní pósọ́fíìsì. Susannah ní kó lo ti bàbá òun. Ó kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpòòwé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́.

Ìgbà yẹn, lẹ́tà máa ń pẹ́, èèyàn sì máa ń dúró dè é. Ìfẹ́ náà máa ń ráyè jókòó. Ojoojúmọ́ ni Yẹ̀kínì ń lu aago lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé lẹ́tà ti dé?"

"Kò tíì dé."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ n dúró dè é díẹ̀."

Díẹ̀ yẹn á di ìrọ̀lẹ́. Á ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wá nínú bébà ìròyìn, epo á ti mu gbogbo ìròyìn náà tán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o", "sísí" sì ti di "olólùfẹ́ mi oníkábọ̀n". Susannah ń kọ́ ọ ní àmì ohùn, dò, re, mí. Òun náà ń kọ́ Susannah ní kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ayépé. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ gbé àwọn méjèèjì wọnú oko ẹ̀gẹ́, wọ́n ṣubú lura wọn. Yẹ̀kínì yọ ewé lẹ́nu, ó ní, "Ṣó o rí i báyìí? Oko ló dé lóòótọ́." Susannah rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé orúnkún òun ti bó.

Lẹ́tà dé lóṣù keje. Tíṣà Walter, bàbá Susannah, ló ṣí i. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni tó ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe káàdì ìsìnkú táwọn èèyàn bá fún un. Ohun tó kà nìyí:

"Ẹ̀dà mẹ́ta sọ pé ọkọ̀, ẹ̀dà kẹrin sọ pé ọkọ. Ọkọ kò sí lára ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ kó wọlé, ẹ sọ orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀, iye tó jẹ́, àti bóyá tuntun ni tàbí àlòkù. Ẹ ṣàtúnṣe ẹ̀dà kẹrin tí a fi ránṣẹ́ yìí, kí ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó ti fáìlì yín."

"Susannah! Ta ló ń fi àpótí lẹ́tà mi kó ọkọ àlòkù wọ Nàìjíríà?"

Ẹjọ́ dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Yẹ̀kínì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, ni aago àpò ẹ̀ bá dún fúnra ẹ̀: kirin!

"Dìde," Tíṣà ní. "Re-dò-mí, ọkọ̀ dé. Re-re-mí, ọkọ dé. Àmì kan ṣoṣo! Mọ́ṣáláṣí tó ò ń lọ kọ́ ni mò ń bá ọ jà lé lórí. Mo kàn fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì lo wá ṣe nílé mi."

Ó tẹ́ ẹ̀dà kẹrin sórí tábìlì, ó fi bírò tì í.

"Lẹ́tà yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀la ni ọjọ́ kẹrìnlá pé. Fi àmì sí i, èmi fúnra mi á gbé e lọ Èkó láàárọ̀. Òwò ẹ á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ a jẹ́ pé àṣìṣe ni gbogbo ẹ̀, oníbàárà lásán ni ẹ́. Oníbàárà kì í sì í lu aago lójú fèrèsé ọmọ mi. Tó ò bá fi sí i, lọ mú àwọn èèyàn ẹ wá. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yìí ò ní kúrò nílé mi. Mi ò ní jẹ́ kí ìjọba kọ ọkọ ọmọ mi mọ́ ọjà."

Yẹ̀kínì mú bírò. Ó rántí oṣù méje. Ó rántí ìyá ẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó, tó ti gbá yàrá kan sílẹ̀ de aago, tó ti lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó wo Susannah. Susannah ń wo ilẹ̀. Kò sí kábọ̀n nímú ẹ̀ lónìí, imú náà sì ń gbọ̀n.

Ó dé bírò padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tíṣà ló kọ ọ́. Ta lèmi oníwèé mẹ́fà tí n óò máa tún un ṣe?"

Tíṣà yíjú sí ọmọ ẹ̀.

"Susannah, àṣìṣe ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀?"

"Àṣìṣe ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ló lọ sí imú." Ó gbójú sókè wo bàbá ẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí i kí n tó lẹ àpòòwé."

"O rí i?"

"Mo rí i. Mo wò ó dáadáa. Mo sì lẹ̀ ẹ́."

Bàbá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó yọ bírò pupa, ó fa ẹ̀dà kẹrin mọ́ra, ó sì máàkì rẹ̀ bó ṣe ń máàkì fún ọmọ kíláàsì fún ọgbọ̀n ọdún: ó gbà á.

"Ọjọ́ wo làwọn èèyàn ẹ ń bọ̀?" ló wá bèèrè.

Wọ́n ti fáìlì náà l'Ékòó lóòótọ́. Ewúrẹ́ padà sí yàrá ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba ní kò sí láísẹ́nsì mọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó ti rí tiwọn gbà bá ń fi pọ́n ẹ̀pà. Ọkọ̀ Yẹ̀kínì ò dé títí dòní.

Ẹ̀dà kẹrin wà nínú férémù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́nà Ẹ̀jìrín. OKO DE ni wọ́n kọ síta, láìfi àmì kankan sí i. Tí oníbàárà bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń pè é, Susannah á ní, "Ẹ pè é bó bá ṣe dé bá yín."

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí aago bá dún lẹ́nu ọ̀nà, kirin-kirin, kì í bèèrè pé ta ni. Á kàn fi orin dáhùn látinú ilé:

"Re, re, mí."