Ẹni Tó Di Téèpù Mú Nínú Eèsún

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Àyìsátù tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè ní Òmù-Àrán. Kò sùn débi pé yóò lá àlá. Ọ̀sán gangan ni.

Awọnlẹ̀ ni Àyìsátù. Lọ́dún tí ìjọba ń gba àbá lórí ibi tí wọn yóò kọ́ pápá ìṣeré ńlá tuntun ti orílẹ̀-èdè sí, àwọn ọmọ Ìgbómìnà náà yọ̀ǹda ilẹ̀ kan lọ́nà Rore. Wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ láti èèkàn ìkẹyìn dé etí odò gbọ́dọ̀ pé ọgọ́rùn-ún mítà. Bó bá dín, ìgbìmọ̀ ìjọba ò ní gbà á.

Alàgbà Ọládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ti Èkó wá nítorí ọ̀rọ̀ náà, pe Àyìsátù sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ wa ni ọ́. Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ohun tí ilẹ̀ bá wí ni n ó kọ."

Òun àti Abdulganiyu tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló lọ. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ ò ké. Àyìsátù dúró ti èèkàn lẹ́bàá títì, ó di orí téèpù mú. Abdulganiyu fa ìyókù wọ inú eèsún tó ga ju èèyàn lọ, ó forí lé odò. Eèsún pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Téèpù le.

"Ó pé! Ọgọ́rùn-ún!" Inú eèsún ni ohùn náà ti wá.

Àyìsátù kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu yà á. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ò tó ọgọ́rin.

"Ìyá Husnah."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti pè é. Ó yíjú. Abdulganiyu ló dúró lójú títì, tó ń mí gúlegúle.

"Ejò ni mo rí. Mo ju téèpù sílẹ̀, mo sá gba ọ̀nà oko jáde."

Àyìsátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Téèpù ṣì le.

"Ta ló wá dì í mú?" Ohùn Abdulganiyu ti lọ sílẹ̀.

Téèpù fà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n yára. Àyìsátù jù ú sílẹ̀. Ó wọ́ lọ nílẹ̀ ṣẹrẹrẹ, títí eèsún fi gbé e mì.

Nígbà tó délé, ó mú bírò láti fagi lé ọgọ́rùn-ún náà. Ó ro ti ìlú tó ń fojú sọ́nà. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ dé. Wọn ò wọ inú eèsún. Ojú títì ni alága wọn ti ka ìwé Àyìsátù, ó ní ilẹ̀ náà ti yege ìpele kìíní. Ìlú pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú Alàgbà Ọládiípọ̀. Àyìsátù nìkan ló ká ọwọ́ mọ́ra.

Alága nawọ́ sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ọwọ́ dúró.

Ti inú eèsún ò dúró. Ọwọ́ tó pọ̀ ni, ó ń ró bí òjò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Àwọn wo ló wà lọ́hùn-ún?" alága béèrè.

Alàgbà Ọládiípọ̀ wo Àyìsátù. Àyìsátù wolẹ̀. Abdulganiyu ti wọ mọ́tò, ó ti tìlẹ̀kùn.

Àtẹ́wọ́ náà ń sún mọ́ títì.