Omi Sàárà Tó Dí Gọ́tà

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, a ò sì lè já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Koumassi Remblais, nílùú Abidjan, eérú a máa ṣìnà. Ẹni tó dà á á jókòó síbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, eérú á sì lọ bá ẹni ẹlẹ́ni lórí ibùsùn. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, òun la sì fẹ́ sọ.

Ọdún 2000 ni. Mọ́lúdì bọ́ sínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Abidjan kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Àwọn ọmọ ilé-kéwú wọ aṣọ funfun, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ń yin Ànábì lórin lọ sí mọ́ṣáláṣí. Alhaja Ganiatou, tó ń ta aṣọ lọ́jà Treichville, ti to kúlà ńláńlá sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Omi tútù inú ọ̀rá, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sachet, ló kún inú wọn. Ọdọọdún ló ń yọ ọ́ ní sàárà. Okùn aláwọ̀ ewé ló fi ń di ẹnu ọ̀rá tirẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé sàárà Alhaja ni.

Obìnrin kan ń kì í: "Ganiatou ọmọ Ajílété, a-fomi-tọrẹ-má-gbowó, òjò tí ń rọ̀ fún olówó tí ń rọ̀ fún tálákà."

Orí Alhaja wú. Ó ń nawọ́ omi sọ́mọdé, ó ń nawọ́ sí àgbà. Wọ́n ń fi eyín já etí ọ̀rá, wọ́n ń fà á mu, wọ́n ń sọ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n ń lọ. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi funfun bí ibi tí lékèélékèé bà sí. Atẹ́gùn sì ń gbá wọn lọ sínú gọ́tà.

Nimotou onídìrí ń gbé nísàlẹ̀ gọ́tà yẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Sùwéébátù, jọ ń gbé. Apá kan ara ìyá náà ti rọ, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí tọ̀sán-tòru. Nimotou rí ọ̀rá tó ń ṣàn kọjá, ó gòkè wá.

"Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ láádá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò kó àwọn ọ̀rá yìí?"

Alhaja rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà gba ọ̀kan, Nimotou, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ tutù."

"Mo ti mumi nílé, ẹ ṣé. Gọ́tà ni mò ń wò. Òjò ti ṣú."

"Gbọ́, ọmọ yìí. Sàárà tí mo bá ti yọ, n kì í padà lọ ṣà á nílẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ sàárà rẹ̀ lẹ́yìn, láádá rẹ̀ ti jò dànù. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ ṣe àmín. Àmín sí kí ni? A ò mọ̀.

Nimotou ṣa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ìgbà tó yá, wọ́n pè é sí Marcory, àdúgbò kejì, láti lọ di irun ìyàwó. Ibẹ̀ ni òjò bá a. Kò rí takisí kan tó gbà láti wọ Remblais, ló bá fẹsẹ̀ rìn ín, ó ń sáré, ó ń gbàdúrà.

Nígbà tó dé, omi ti kún ojúlé. Nínú yàrá, omi ti dé etí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù fún Màmá Sùwéébátù ló fi di ẹsẹ̀ àga mú, ó gbé àgbọ̀n sókè kí omi má bàa wọ ẹnu rẹ̀. Kò lè pariwo. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ó ń ka kàlímọ́ ẹni tó fẹ́ kú.

Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn ará ilé gbé e sórí tábìlì. Wọ́n fi ọkọ́ wa ẹnu gọ́tà, ọ̀rá sì tú jáde ní ìdìpọ̀ bí orí màlúù. Bí wọ́n ti fà á yọ báyìí, omi ya lọ gbuu. Okùn aláwọ̀ ewé ń bẹ lẹ́nu àwọn ọ̀rá náà.

Nimotou kó wọn sínú abọ́. Tòun ti aṣọ tútù lára, ó wọlé lọ bá Alhaja níbi tóun àtàwọn àlejò ti ń jẹun Mọ́lúdì.

"Alhaja, mo kó sàárà yín wá."

"Kí lo gbé wá síwájú àlejò mi yìí?"

"Ẹ ní odò kì í bojú wẹ̀yìn. Lónìí, ó bojú wẹ̀yìn. Orí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló wò. A-fomi-tọrẹ-má-gbowó, a-fomi-tọrẹ-má-kó-ọ̀rá, ẹ wo okùn yín."

"Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni? Ṣé èmi nìkan ni mo ń lo sachet ní Abidjan?"

Látífà, ọmọ àbúrò Alhaja, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi oúnjẹ sílẹ̀. "Tantie, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, s'il vous plaît."

"Sọ ọ́. Ìwọ tó gbọ́ Faransé."

"Kì í ṣe ti Faransé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kéwú. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ní mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà, sàárà ni. Ẹni tó wá kó ìnira dà sójú ọ̀nà ńkọ́? Omi lẹ fi tọrẹ, Tantie. Ta lẹ fi ọ̀rá tọrẹ fún? Gọ́tà?"

Ó mú ọ̀rá kan nínú abọ́ Nimotou, ó gbé e sókè.

"Ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀," Látífà ń bá a lọ. "Èyí tá a jù lónìí ni òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò tún bá nílẹ̀. Omi tó bá dúró, ẹ̀fọn á yé sí i, ibà á dé. Tó bá ru ẹ̀gbin ṣáláńgá wọlé, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn fête, àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ wá bá wa ní ọsibítù."

Ohùn Alhaja wálẹ̀. "Kí n má fún àwọn ọmọ lómi mọ́?"

"Ẹ fún wọn. Ìyá yín àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ọ̀rá ló fi fún èrò ọ̀nà lómi? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àmù ló gbé síta. Ẹ gbé àgbá tó ní robinet tí wọ́n ń yí kómi jáde, kó lómọrí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan so kọ́ọ̀pù tirẹ̀ mọ́ ìdí láti ilé, kẹ́nikẹ́ni má fẹnu kan ti ẹnìkejì."

Ẹ̀yin ará wa ní Koumassi, Marcory àti Abobo Gare, ẹ gbọ́. Ayẹyẹ tẹ́ ẹ bá ń ṣe, ì báà jẹ́ Mọ́lúdì, ì báà jẹ́ ọjọ́ ẹgbẹ́ ìlú yín, kí ẹ tó yan akọrin ni kí ẹ ti yan ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà àtiyẹra fún ọ̀rá, ẹ so àpò ńlá mọ́ orígun títì, kẹ́ ẹ sì kó o kí òjò tó dé. Ẹ má gbá a sí gọ́tà. Ẹ má dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó bá fún ni lómi tí kò kó ọ̀rá rẹ̀, ìdajì sàárà ló yọ, ìdajì kejì ìpalára ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja lọ kí Màmá Sùwéébátù. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣì tutù, ó tọrọ àforíjì. Ó ti mọ́ ọn lára láti má lọ bẹ aláìsàn wò lọ́wọ́ òfìfo: ọ̀rá omi tútù kan ló mú dání, tòun ti okùn aláwọ̀ ewé.

Ìyá arúgbó wo ọ̀rá náà títí. Ó rọra ń wá ọ̀rọ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ganiatou, bá mi da omi yẹn sínú kọ́ọ̀pù. Kí o sì mú ọ̀rá rẹ̀ dání lọ sílé."