Mẹ̀sí Kì Í Já Èèyàn Kulẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mẹ̀sí dúdú kan sùn sínú kòtò àgbàrá ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìsẹ̀. Imú rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ wà lókè. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń lọ sóko dúró, wọ́n káwọ́ lérí. Ta ni kò mọ ọkọ̀ náà? Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń fún ara wọn pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ sí Adó, ni Alàgbà Morákinyọ̀ gbé Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ wọ̀lú. Ó sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Àwọn Jámánì kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mẹ̀sí kì í já èèyàn kulẹ̀."

Ẹ wá wò ó nínú ẹrẹ̀. Búréèkì kọ̀, kò mú. Wọ́n fa alàgbà yọ pẹ̀lú itan tó ti kán, ó ń kérora, síbẹ̀ ó ráyè sọ ohun méjì kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ òun lọ sílé òun, kí àwọn olè má baà tú u palẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n mú Dọ̀tun, dẹ́rẹ́bà òun, pé ó fẹ́ pa òun. Ibẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì Akíntọ́lá ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Dọ̀tun lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létè ọmọkùnrin náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, sájẹ́ǹtì lọ wo ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n gbé e sí nílé alàgbà. Ẹ̀rín ló bá dé tẹ́ṣàn.

"Màdáàmù, ẹjọ́ ti parí! Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé paipù búréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú. Lọ́jọ́ Sátidé, alàgbà bú Dọ̀tun níwájú àlejò, ó ní òun á lé e lọ tí oṣù bá parí. Kí la tún ń wá? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kóòtù ní Adó lọ́la."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Títílọlá ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọmọ Ìlawẹ̀ ni, ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé àga rẹ̀ kò ní gbó láéláé, nítorí kì í jókòó sí i. Bí nǹkan bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, á máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà.

"Ẹjọ́ tó bá yára parí báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa ń bà mí," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ mú ọmọ náà wá."

Bí wọ́n ṣe ń mú Dọ̀tun bọ̀, ìyá rẹ̀, Dorcas, dìde níta pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí kò tíì rí ẹni gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn ń fojú tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi tì.

"Dọ̀tun, ìgbìyànjú láti pa èèyàn ni wọ́n fẹ́ kà sí ẹ lọ́rùn," ni Títílọlá sọ. "Bó bá dé kóòtù báyìí, o lè gbó sẹ́wọ̀n. Sọ tẹnu ẹ."

Ìdààmú ti lé Yorùbá ilé ìwé kúrò lẹ́nu ọmọkùnrin náà. "Màdáàmù, uṣẹ́ mi ni mo ń ṣe jẹ́jẹ́. Èmi ni mo jókòó níwájú o! Ṣé n ó gé búréèkì ọkọ̀ tí mo fẹ́ wà sọ̀kalẹ̀ òkè? Ṣé mo fẹ́ pa ara mi ni?"

"Ṣé ọkọ̀ náà ti ń ṣe báyìí tẹ́lẹ̀?"

"Láti Sátidé ni. Tí mo bá tẹ búréèkì, á há. Nígbà mìíràn, á lọ wọ̀ọ̀. Mo sọ fún Bàbá. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bú mi níwájú àlejò nìyẹn. Wọ́n ní Mẹ̀sí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ baba mi, pé bí mi ò bá mọ̀ ọ́n wà, kí n padà sí ulé."

Sájẹ́ǹtì wú ikọ́. Títílọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ta ló máa ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀?"

"Èmi nìkan. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyàsímímọ́ pàápàá, pásítọ̀ fẹ́ ṣí iwájú ọkọ̀ kí wọ́n ta òróró sí i, Bàbá fárí gá. Wọ́n ní kí wọ́n fi pa taya àti sítíárì, kó tó bẹ́ẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì ò gbọ́ àdúrà. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣọlá nìkan ni kò rín."

Ìyá Ṣọlá ni Wúràọlá, ìyàwó alàgbà, tíṣà àgbà ni nílùú náà. Títílọlá dúró díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bọ́ síta, ó gba abọ́ lọ́wọ́ Dorcas, ó fún ọlọ́pàá kan pé kó gbé e wọlé fún ọmọ rẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìsẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó fẹsẹ̀ rin ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wo ọ̀dà ọ̀nà. Kò rí ẹ̀kán òróró kankan. Inú kòtò nìkan ni ẹrẹ̀ pupa wà, ó sì jìn débi tó fi gba bàtà lẹ́sẹ̀ sájẹ́ǹtì. Títílọlá ò tilẹ̀ dúró kó yọ ọ́. Ilé alàgbà ló dorí kọ.

Wúràọlá ló fi kọ́kọ́rọ́ ṣí géètì fún wọn. Ojú rẹ̀ ti wú, gèlè rẹ̀ wọ́.

"Ẹ kú ìrójú o, Ìyá Ṣọlá," ni Títílọlá kí i. "Ta ló ń gbé ibí pẹ̀lú yín báyìí?"

"Èmi nìkan ni, mà. Ṣọlá wà nílé ìwé ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mọ́tò yìí dé ni mo ti ti géètì pa, bí Bàbá Ṣọlá ṣe wí. Àfi ìgbà tí sájẹ́ǹtì yín wá."

Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ kọjá, Títílọlá gbóòórùn lọ́fíńdà. Òkè ilẹ̀kùn ń dán, wọ́n fi òróró sàmì àgbélébùú sí i. Ó lọ bá Mẹ̀sí náà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya iwájú, ó tanná sí paipù tí wọ́n gé. Ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ lóde. Ẹnu ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní.

"Ẹ bá mi ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mà."

Wúràọlá sún sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Nǹkan ọkùnrin ni."

Títílọlá ṣí i fúnra rẹ̀. Ha, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ èèyàn! Pẹ̀lú bí ọkọ̀ náà ṣe forí sọ kòtò tó, kò sí wáyà kan tó já, gbogbo nǹkan wà láyè rẹ̀ bí àwo tí ìyàwó ilé tò. Ó tú ìdérí kọ́ọ̀pù tí òróró búréèkì ń gbé inú rẹ̀, ó fa díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló dé ìgò náà, ó kì í bọ àpò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wúràọlá, ó sì jáde.

"Màdáàmù, kí lẹ rí?" ni sájẹ́ǹtì ń béèrè, ó ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀.

"Ẹ kálọ sọ́dọ̀ ẹni tó wọ́ ọkọ̀ náà."

Olúrẹ̀mí mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó jáde, ó ń nu ọwọ́, kò sì wo ojú wọn.

"Nígbà tí ẹ wọ́ Mẹ̀sí alàgbà dé ilé rẹ̀," ni Títílọlá wí, "ṣé paipù iwájú yẹn ti gé?"

"Màdáàmù, gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá kan jókòó sí tẹ́ṣàn mi, kò kúrò níbẹ̀. Lọ́la, wọ́n á gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ lọ sọ òwe yẹn fún un."

Olúrẹ̀mí nu ọwọ́ tó ti mọ́. "Kò gé," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ó wà lódindi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé yẹn ti ṣe mí lóore."

"Ẹ ti sọ tó," ni Títílọlá dá a lóhùn. Ó yíjú sí sájẹ́ǹtì. "Ẹ lọ mú Dọ̀tun wá bá mi nílé ìwòsàn."

Wọ́n so ẹsẹ̀ alàgbà rọ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Wúràọlá ti dé, ó jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Bí alàgbà ṣe rí Dọ̀tun lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo.

"Kí ni apààyàn yìí ń wá níbí? Ẹ gbé e lọ! Mo ti sọ fún yín, Mẹ̀sí kì í já èèyàn kulẹ̀. Èèyàn ló ń já èèyàn kulẹ̀!"

"Ẹ ò purọ́, sà," ni Títílọlá wí. Kò jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sún àga fún un. Ó ń rìn láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ògiri. "Ọ̀rọ̀ yín yẹn ló là mí lójú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ò fọkàn tán ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n pín búréèkì rẹ̀ sí méjì, tíwájú lọ́tọ̀, tẹ̀yìn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gé paipù iwájú, tẹ̀yìn á ṣì dá a dúró. Kí ló wá pa méjèèjì pọ̀? Orísun kan náà ni wọ́n ti ń mu. Inú kọ́ọ̀pù yẹn ni ìjàǹbá ti wọlé."

"Wọ́n sì gé paipù," ni alàgbà wí.

"Wọ́n gé e, sà, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò nínú kòtò. Ká ní ó ti gé tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ ì bá ti dí ẹnu rẹ̀. Òróró ì bá sì ti kán sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi gé e, Dọ̀tun ti wà látìmọ́lé, ẹ̀yin wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, géètì yín sì wà ní títì."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Wúràọlá. Títílọlá yọ ìgò kékeré náà, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Òróró méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lé téńté sórí èkejì, wọn ò pò mọ́ra.

"Ti ìsàlẹ̀ ni òróró búréèkì. Ti òkè yìí, òróró ólífì ni, wọ́n po lọ́fíńdà mọ́ ọn. Òun náà ló wà lókè ilẹ̀kùn yín. Òróró àdúrà dára fún iwájú orí, sà. Ṣùgbọ́n bó bá kan rọ́bà inú búréèkì, rọ́bà náà á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, á há, á sì bàjẹ́. Ìyá Ṣọlá, ẹ bá wa sọ ìyókù."

Wúràọlá bú sẹ́kún.

"Mo lálàá," ló wí. "Mo rí i tí mọ́tò yẹn gbé pósí. Mo sọ fún un, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé pásítọ̀ kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì níwájú gbogbo ìjọ! Mo bá mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Mo rí kọ́ọ̀pù kékeré, òróró wà nínú rẹ̀. Mo ní ibi tí òróró ń gbà wọlé ni òróró Ọlọ́run náà á gbà wọlé. Bàbá Ṣọlá, nítorí kẹ́ ẹ má kú ni!"

"Ta ló sọ fún yín pé òun ló fa ìjàǹbá?" ni Títílọlá béèrè.

"Olúrẹ̀mí ni. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì nígbà tó wọ́ ọ dé, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mà. Èmi tí mo gbàdúrà fún un ni mo ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀! Bó bá mọ̀, á lé mi. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo gé paipù yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà wo inú kọ́ọ̀pù."

"Òróró yẹn, àṣìṣe ni," ni Títílọlá wí. "Kò sí ẹni tó máa fìyẹn mú yín. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe àṣìṣe, Ìyá Ṣọlá. Ẹ rí ọmọ yìí tó ń lọ sẹ́wọ̀n, ẹ sì ń po ògì." Ó yíjú sí alàgbà. "Ọmọ náà sì ti sọ fún yín lọ́jọ́ Sátidé, sà."

Sájẹ́ǹtì Akíntọ́lá tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ojú ń tì í. Dọ̀tun fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ló wí. "Mẹ̀sí ò já yín kulẹ̀." Ó sì jáde lọ bá ìyá rẹ̀.

Wúràọlá gbé abọ́ ògì sílẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì fún sájẹ́ǹtì.

"Ẹ dúró," ni alàgbà wí. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó nawọ́ mú etí ìró ìyàwó rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ jẹ́ kó fún mi ní ògì yẹn tán."

Títílọlá wo àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó fa àga tí wọ́n ti sún fún un láti ìṣáájú, ó sì jókòó.