Òdòdó Méjìlá fún Ìyá Radka

Apá òsì lọkùnrin kan dúró sí gbagidi lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, báàgì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó ń wo òkè tìyanu-tìyanu. Gbogbo Prágù ló sì mọ̀ pé apá ọ̀tún là ń dúró sí. Ẹni tó ń kánjú ló ni òsì.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ti ra àtẹ̀gùn yìí ni?" Radka bi í. Ó ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Àlejò ni mí, láti Lísbọ́nì."

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Radka. Ọjọ́ márùn-ún péré ni àlejò náà, Duarte, ní òun fẹ́ lò. Ó lo ọdún kan, ó tún wáṣẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ wá ku ti ìyá. Opó ni Ìyá Radka, kì í sì í fi àṣà ṣeré rárá.

"Bí màmá mi bá kọ̀, mi ò lè fẹ́ ọ," Radka sọ fún un. "Mú òdòdó dání o, olówó orí mi."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi."

Duarte gbé òdòdó pupa dé, méjìlá géérégé. Ìyá kà á lẹ́nu ọ̀nà, ó tún un kà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Méjìlá? Òkú là ń fún ní òdòdó tó bá pé méjì-méjì! Ṣé mo ti kú ni? Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín!" Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Radka bú sẹ́kún. Òdòdó lòun sọ, òun ò sọ iye rẹ̀! Duarte nu ojú rẹ̀ fún un. "Níbo ni wọ́n sin bàbá ẹ sí?" ló bi í.

Lọ́jọ́ kejì, tìyá-tọmọ lọ gbá ojú oórì bàbá, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Wọ́n bá Duarte lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti kó ewé gbígbẹ kúrò, ó ti to òdòdó méjìlá síbẹ̀.

"Bàbá," ló ń wí, kò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn òun, "wọ́n ní tiyín ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín, ojú wọn le jù."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde ńlẹ̀. Ọ̀la, aago méjì. Kí o mọ òǹkà o!"

Mọ́kànlá ni Duarte gbé dé. Ìyá kà á, ó gbà á. Duarte bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èèyàn. Sálúbàtà tí àlejò ń wọ̀ nínú ilé kún inú àpótí, ṣùgbọ́n Ìyá ò yà síbẹ̀, yàrá ló wọ̀ lọ. Èyí tó mú jáde ti jẹ ní gìgísẹ̀, Radka sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó pé ọdún mẹ́fà tẹ́nikẹ́ni ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

"Ti bàbá Radka ni," Ìyá wí. "Wọ̀ ọ́ wò."

"Ó tóbi díẹ̀, Màmá."

"Ẹsẹ̀ ẹ á kún un tó bá yá, àna mi. Wọlé, ọbẹ̀ ti ń tutù."