Ọjọ́ Tí Gbémiwò Jọ̀wọ́ Apá Aṣọ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Gbémiwò ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, nítorí kì í kọ́kọ́ kọlu ẹnikẹ́ni. Yóò dúró gbagidi lórí ẹní, yóò ní kí o gbé òun wò. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ tán, agbára tìrẹ gan-an ni yóò fi gbé ọ ṣánlẹ̀ gbì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí ẹni tó bá bá a wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń dánra wò, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè ní Káfíńtà, ní kó ronú pìwà dà. Gbémiwò rẹ́rìn-ín.

"Kọ́kọ́ ní kí Jésù rẹ bá ọ tún àga tó ń mì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣe."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọkàn yín ni mò ń sọ, ẹ ń fi àga dá mi lóhùn."

Òfin kan wà nínú júdò: ẹni tó gbé ẹnìkejì ṣubú gbọ́dọ̀ di apá aṣọ rẹ̀ mú títí yóò fi balẹ̀, kó má baà forí gúnlẹ̀. Gbémiwò fúnra rẹ̀ ló ń fi òfin yìí kọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà ìdíje kan, Káfíńtà kọlù ú, Gbémiwò gbé e yí po, ó sì jọ̀wọ́ apá aṣọ náà lójú òfuurufú, kó lè tètè juwọ́ sí àwọn òǹwòran.

Ọrùn ni Káfíńtà fi balẹ̀.

Wọ́n ní èèṣì ni. Èèṣì wo? Ìgbéraga ni.

Ní ọsibítù, Gbémiwò ń fi ṣíbí bu omi sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ Káfíńtà tó máa ń kan ìṣó nà gbalaja lórí ibùsùn bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ni. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún ṣiṣẹ́. Gbogbo agbára Gbémiwò kò lè gbé ìka kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Bú mi," ó bẹ̀ ẹ́. "Tí o bá bú mi, màá mọ ohun tí màá fi fèsì."

"Mi ò ní bú yín, Ọ̀gá. Mo ti dárí jì yín. Ó ku ẹ̀yin àti Olúwa."

"Kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

"Pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ má fi àwíjàre kankan tì í."

Gbémiwò wólẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Olúwa, mo jẹ̀bi. Nítorí Jésù, ṣàánú mi." Kristi kò lé e. Ó gbà á bó ṣe wà. Síbẹ̀, títí di òní, ọwọ́ Káfíńtà kò tíì mira, Gbémiwò ló sì ń bọ́ ọ láràárọ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ìkìlọ̀ mélòó ni o ti dá padà fún ẹni tó fìfẹ́ sọ ọ́? O ní alágàbàgebè pọ̀ nínú ìjọ. Òótọ́ ni. Ṣé ìyẹn pa ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ rẹ́? Má dúró di ìgbà tí ẹlòmíràn bá ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nítorí rẹ. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tí o tẹ̀ yẹn tó kúnlẹ̀ sí. Kúnlẹ̀ lónìí.